Ohùn Tó Wà Lábẹ́ Ohùn Mi

Ní Sátidé àkọ́kọ́ tí mo lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń gba ohùn sílẹ̀, ìdákẹ́jẹ́ ni olùkọ́ wa kọ́kọ́ gbà sílẹ̀. Ó ti fèrèsé, ó pa fáànù, ó ní ká jókòó bí ère. Odidi ìṣẹ́jú kan la fi ń wo ara wa láìsọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà ló yí ohun tó gbà sókè títí dé ìpẹ̀kun, ó ní ká gbọ́.

Mo rò pé a ò ní gbọ́ nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ohun tó jáde dà bíi pé nǹkan ńlá kan ń sùn lẹ́yìn ògiri. Ó ń kùn, ó ń mí. Omi ń sáré nínú páìpù. Aṣọ ẹnì kan ń ha ara àga. Yàrá tí a jókòó sí nìyẹn, àwa fúnra wa la sì wà nínú rẹ̀, síbẹ̀ kò sí ẹni tó dá a mọ̀ nínú wa.

Obìnrin tó jẹ́ olùkọ́ wa náà ní, "Kò sí yàrá tó ń dákẹ́. Àwa ni a kì í fetí sílẹ̀."

Ó ti lé díẹ̀ ní ẹni àádọ́ta ọdún. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa gba ohùn akọrin ṣọ́ọ̀ṣì àti ìpolówó ọjà sílẹ̀, ó sì ti wà nídìí rẹ̀ láti ìgbà tí kásẹ́ẹ̀tì ṣì lòde. Pálọ̀ ilé rẹ̀ ní ẹ́sítéètì Amúwo-Ọ̀dọ̀fin ló sọ di sítúdíò. Ó gé fóòmù bẹ́ẹ̀dì àtijọ́, ó fi lẹ ara ògiri kí ohùn má baà máa ta padà. Àwa mẹ́ta là ń kẹ́kọ̀ọ́: obìnrin kan tó ń darí akọrin, ọkùnrin kan tó ń ta ilẹ̀ ìdílé wọn tó fẹ́ máa polówó rẹ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, àti èmi tí mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́.

Ẹni tó ń ta ilẹ̀ wò mí, ó rẹ́rìn-ín. "Bàbá, ṣé ẹ fẹ́ gbé àwo orin jáde ni? Èmi ni máníjà yín o."

"Bí mo bá kọrin," mo ní, "kò ní sí ẹni tó máa ra ilẹ̀ ládùúgbò yìí mọ́."

Olùkọ́ wa kò bá wa rẹ́rìn-ín. Ó bi mí pé, "Dádì, kí gan-an lẹ fẹ́ fi iṣẹ́ yìí ṣe?"

"Kásẹ́ẹ̀tì kan ni mo fẹ́ gbọ́."

"Ẹyọ kan? Ẹ gbé e wá, ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni màá fi bá yín ṣe é."

"Rárá. Èmi ni mo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbọ́ ọ."

Kò bi mí léèrè mọ́. Ọjọ́ yẹn kan náà ló dán etí wa wò. Ó ní ká gbé ọwọ́ sókè, kí ẹni tí kò bá gbọ́ mọ́ sọ tirẹ̀ kalẹ̀. Ó wá jẹ́ kí ẹ̀rọ máa súfèé, ohùn rẹ̀ ń tínrín sí i, ó ń lọ sókè sí i. Kò pẹ́ tí mo sọ ọwọ́ kalẹ̀, nítorí mo rò pé ó ti parí. Ṣùgbọ́n ọwọ́ àwọn yòókù ṣì wà lókè. Wọ́n wo ọ̀kánkán, wọ́n ń tẹ́tí sí ohun kan tó wà nínú yàrá kan náà pẹ̀lú mi, tí èmi kò sì mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Ara mi bù máṣọ.

Olùkọ́ ní, "Ẹ má bínú, Dádì. Ohùn tó bá tínrín ló kọ́kọ́ máa ń fi etí àgbà sílẹ̀."

Ọmọ mi obìnrin ló mú mi dé ibẹ̀. Òun nìkan ni mo bí. Tíṣà ilé-ìwé ni, Alákijà ló ń gbé, gbogbo ọjọ́ Àìkú ló sì máa ń wá jẹun lọ́dọ̀ mi nínú fúláàtì tí ìjọba fún mi ní Festac nígbà tí ọ̀dà ara ilé náà ṣì ń rùn. Etí rẹ̀ ọ̀tún ti dí pátápátá. Dókítà ní ti òsì náà ń lọ, pé kò sẹ́ni tó lè sọ bóyá oṣù ló kù tàbí ọdún. Láti ìgbà náà, ọ̀tún mi ló máa ń jókòó sí, kí etí òsì rẹ̀ lè kọjú sí mi.

Ní ọjọ́ Àìkú kan, ó gbé ṣíbí sílẹ̀. "Dádì, kásẹ́ẹ̀tì tí ẹ sọ nípa rẹ̀ nígbà kan yẹn, ṣé ó ṣì wà?"

"Ó wà. Ohùn tèmi ló wà nínú ẹ̀."

"Àmọ́ ti Mọ́mì ló kọ́kọ́ wà níbẹ̀."

"Mo ti gba tèmi lé e lórí."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó bóyá nǹkan kù lábẹ́ tiyín. Mi ò gbọ́ ohùn ìyá mi rí láyé mi. Mo fẹ́ gbọ́ ọ kí etí yìí tó dí."

Kò sunkún nígbà tó sọ ọ́. Ó tún gbé ṣíbí rẹ̀, ó ń jẹun lọ. Èmi ni mo ti àwo tèmi sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ọ̀rọ̀ kásẹ́ẹ̀tì náà rèé. Nígbà tí mo wà lọ́dọ̀ọ́, iṣẹ́ rán mi lọ kẹ́kọ̀ọ́ oṣù mẹ́sàn-án lókè òkun. Fóònù ṣòro nígbà náà, lẹ́tà sì máa ń pẹ́ lọ́nà. Kásẹ́ẹ̀tì ni àwa tí a wà níbẹ̀ fi ń bá ilé sọ̀rọ̀. Ìyàwó á jókòó ti rẹ́kọ́dà, á sọ tẹnu rẹ̀, á fi rán ẹni tó ń bọ̀. Ọkọ á gbọ́ ọ tán, á dá a padà sí ìbẹ̀rẹ̀, á gba èsì tirẹ̀ sórí rẹ̀, á tún fi rán ẹni tó ń lọ sílé. Kásẹ́ẹ̀tì kan náà ló ń lọ tó ń bọ̀, bí ìgò tí èèyàn ń gbé lọ ra epo. Ìgò la kà sí. Kò sẹ́ni tó ń tọ́jú epo àná.

Oṣù kejì tí mo débẹ̀ ni ìyàwó mi bímọ. Kásẹ́ẹ̀tì rẹ̀ dé bá mi nínú òtútù, mo gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mejì. Ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, ọ̀gá kan tí a jọ ń gbé ní òun ń lọ sílé ní ìdájí ọjọ́ kejì. Ṣọ́ọ̀bù ti tì, mi ò sì ní kásẹ́ẹ̀tì mìíràn. Mo yá rẹ́kọ́dà ẹni tó wà ní yàrá kejì, mo gba tèmi lé tirẹ̀. Inú mi ń dùn bí mo ti ń ṣe é.

Ní ọjọ́ kẹta lẹ́yìn náà ni wọ́n pè mí sí fóònù ọ́fíìsì. Ibà ni wọ́n pe ohun tó pa ìyàwó mi, ọjọ́ méjì péré ló fi ṣàìsàn. Nígbà tí mo délé, mo bá àpòòwé mi lórí tábìlì ìjẹun, ó wà ní lílẹ̀ bí mo ṣe lẹ̀ ẹ́. Ó ti kú kí àpòòwé náà tó dé. Mi ò ṣí i. Ta ló fẹ́ gbọ́ bí òun ṣe ń béèrè àlàáfíà lọ́wọ́ òkú? Ìyá mi bá mi tọ́ ọmọ náà, ọdún sì gorí ọdún. Kò sẹ́ni tó gbọ́ kásẹ́ẹ̀tì náà rí títí di ọdún yìí.

Ní Agboju ni mo ti rí ẹ̀rọ kásẹ́ẹ̀tì rà, lọ́wọ́ ọkùnrin kan tó ń ta tòkúnbọ̀. Ó nu eruku ara rẹ̀, ó wo ẹ̀rọ, ó wo èmi.

"Bàbá, nínú ẹ̀yin méjèèjì, ta ló ṣàgbà?"

"Èmi ni. Òun ló ń fọhùn ketekete."

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi fún mi ní wáyà rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́.

Ìyá mi máa ń sọ pé ọ̀sán gangan burú ju òru lọ, nítorí pé ní òru èèyàn ń ṣọ́ra. Ọ̀sán gangan ni mo ki kásẹ́ẹ̀tì náà bọ ẹ̀rọ. Iná ti lọ, ẹni tó ń gbé lókè mi kò tíì tan jẹnẹrétọ̀. Festac dákẹ́ bí ó ṣe máa ń dákẹ́ nígbà tí oòrùn bá wà láàárín orí. Bátìrì ni mo fi lo ẹ̀rọ náà, mo so ó mọ́ kọ̀ǹpútà alágbèéká mi kí ó lè máa gbà á sílẹ̀, mo fi ìyápíìsì ńlá bo etí méjèèjì.

Ohùn mi ni mo kọ́kọ́ gbọ́. Ohùn ọ̀dọ́mọkùnrin, ó ń yára, ó ń yangàn díẹ̀. "Ìyàwó mi, báwo ni? Ọmọ ńkọ́? Ṣé ó ń sùn?"

Ó dánu dúró kí ó lè mí. Nínú èémí yẹn, lẹ́tí òsì mi, ẹnì kan sọ pé, "Kò jẹ́ ká sùn o."

Mo bọ́ ìyápíìsì, mo wẹ̀yìn. Kọ́tìnì kò mì. Ilẹ̀kùn ìdáná wà ní ṣíṣí bí mo ṣe fi í sílẹ̀. Mo gbọ́ bí yàrá ti ń mí, gẹ́gẹ́ bí olùkọ́ ti wí. Mo dúró títí àyà mi fi rọ̀, mo tún fi í bo etí.

"Òtútù ibí yìí kò dáa o," ni ohùn mi ń sọ. "Ó ń wọ eegun."

"Ẹ máa wọ súwẹ́tà yín," ni ohùn kejì wí, láti ọ̀nà jíjìn réré, bíi pé ó wà ní ìsàlẹ̀ kànga. Ẹ̀gbẹ́ òsì nìkan ló wà. Ọ̀tún kò ní nǹkan kan yàtọ̀ sí èmi.

Mo mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, kì í ṣe pé n kò mọ̀ ọ́n. Ìyàwó mi ti sọ ọ̀rọ̀ tirẹ̀ sórí téèpù náà ṣáájú tèmi. Kí n tó béèrè ló ti dáhùn. Nígbà tí mo ń ka ìtàn ní yunifásítì, wọ́n kọ́ wa pé àwọn ará àtijọ́ máa ń fọ ìwé tí wọ́n fi awọ ẹran ṣe, kí wọ́n lè tún un lò, pé ẹni tó bá gbé e sí ìmọ́lẹ̀ dáadáa lè rí ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ lábẹ́ èkejì. Mo yege nínú ìdánwò yẹn. Ṣùgbọ́n ìmọ̀ ìwé kò lè mú irun ọwọ́ mi wálẹ̀ ní ọ̀sán ọjọ́ náà. Nígbà tó súnmọ́ apá ìparí ni mo gbọ́ ọ tó ní, "Ṣé ẹ ń gbọ́ mi?" Ẹnu mi ti là láti dáhùn kí n tó rántí bí wọ́n ṣe tọ́ wa: bí a bá pe èèyàn tí kò sì rí ẹni tó pè é, kò gbọ́dọ̀ jẹ́. Mo fi ọwọ́ bo ẹnu mi, bí mo ti dàgbà tó yìí, nínú ilé ara mi.

Lẹ́yìn náà ni mo ṣe àṣìṣe kan. Ariwo ṣíí tí téèpù àtijọ́ máa ń ṣe pọ̀ jù lórí ohùn rẹ̀, mo sì fẹ́ kí ó mọ́ kí ọmọ mi tó dé. Olùkọ́ ti kọ́ wa ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá pé èèyàn lè fi ibi tí kò sí ọ̀rọ̀ han kọ̀ǹpútà, kí ó wí fún un pé ariwo nìyí, kí kọ̀ǹpútà wá gbá gbogbo ohun tó bá jọ ọ́ dànù. Mo wá ibi tí n kò ti sọ̀rọ̀. Mo fi ibi mẹ́fà tàbí méje bẹ́ẹ̀ han kọ̀ǹpútà. Mo tẹ bọ́tìnì, mo tọ́jú rẹ̀ sórí èyí tó wà nílẹ̀, mo jókòó láti gbọ́.

Ohùn mi mọ́ gaara. Kò sí ẹlòmíràn mọ́ níbẹ̀. Ibi tí mo ti dákẹ́ dúdú bí inú pósí.

Ibi tí n kò ti sọ̀rọ̀ ni òun ti ń sọ tirẹ̀. Èmi ni mo nawọ́ sí i fún ẹ̀rọ, tí mo ní ariwo ni. Ẹ̀ẹ̀kejì nìyẹn tí mo pa ohùn obìnrin yìí rẹ́, kò sì sí ìgbà kan nínú méjèèjì tí inú mi kò dùn bí mo ti ń ṣe é.

N kò lè dúró de Sátidé. Ọjọ́ kejì ni mo gbé kásẹ́ẹ̀tì náà àti ẹ̀rọ mi lọ sí Amúwo. Olùkọ́ tẹ́tí sí ìtàn mi tán. Ó wo irin kékeré tó ń ka ohùn nínú ẹ̀rọ mi, ó fi òwú nù ún, ó fi òwú náà hàn mí. Ó ti pọ́n bí ìpẹtà.

"Dádì, kí ni mo sọ ní ọjọ́ àkọ́kọ́?"

"Pé ká ṣe kọ́pì kí a tó fọwọ́ kan nǹkan kan."

"Ẹ wo òwú yìí. Ohùn ni ẹ ń wò yẹn. Téèpù yìí ti ń bó. Bí a bá tún fi í sínú ẹ̀rọ lù ú, ó lè lọ dé òpin, ó lè já, ó lè lẹ̀ mọ́ra. Mi ò lè búra fún yín."

"Bí a kò bá lù ú ńkọ́?"

"Yóò máa bó náà ni."

Mo ní kí ó lù ú. Ó fi sípíríìtì nu gbogbo irin ẹ̀rọ tirẹ̀. Ó fi pẹ́ńsù yí téèpù náà díẹ̀díẹ̀ kí ó lè tú lára. Bó ti ń ṣe é, ó ṣàlàyé ìdí tí ìyàwó mi fi wà ní ẹ̀gbẹ́ òsì nìkan. Rẹ́kọ́dà tó wà nílé àti èyí tí mo yá lókè òkun kò dúró ní ìwọ̀n kan náà, irin tèmi tó yẹ kó pa ohùn rẹ̀ rẹ́ ga díẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, kò sì dé etí téèpù. "Ó dà bí ẹni tó ń roko tí kò dé ìdí ọgbà," ó ní. "Koríko tó wà létí ọgbà ló kù."

Ogún ìṣẹ́jú lé díẹ̀ ni téèpù náà fi yí. Ó ń dún kíẹ́kíẹ́ bí ilẹ̀kùn ilé tí kò sẹ́ni nínú rẹ̀. Ó ku díẹ̀ kó parí ló lẹ̀, ó dúró, ó sì já. Ṣùgbọ́n ohun tó ti kọjá ti wà nínú kọ̀ǹpútà. Kọ́pì mẹ́ta ni olùkọ́ ṣe kí n tó dìde lórí àga.

Ó wá fi mí sídìí ẹ̀rọ. "Ẹ̀yin lẹ máa ṣe èyí fúnra yín. Kí ló wà lọ́tùn-ún?"

"Èmi."

"Lósì?"

"Èmi àti òun."

"Ẹ yí ọ̀tún padà, kí ibi tí ìlà ohùn ti ń gòkè máa sọ̀ kalẹ̀. Kí ẹ wá da méjèèjì pọ̀. Ohun tó bá jọra nínú wọn á pa ara rẹ̀. Èyí tí kò ní ẹnìkejì ló máa ṣẹ́kù."

Mo ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo gbìyànjú kí ó tó bọ́ sí i. Ohùn ọ̀dọ́mọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í rù, ó di ẹyọ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, ó di bí ìgbà tí kòkòrò ń rìn lórí ìwé. Mo jókòó, mo ń gbọ́ bí mo ṣe ń parẹ́. Bí mo ti ń lọ ni òun ń bọ̀, títí ó fi dá wà.

Ní ọjọ́ Àìkú, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún ọmọ mi kí a tó jókòó: pé ìyá rẹ̀ kò gbọ́ èsì mi, pé èmi ni mo bo ohùn rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, tí mo sì tún pa á rẹ́ lẹ́ẹ̀kejì. Ó gbọ́ mi tán, ó ní, "Ẹ fi sí mi létí." Mo fi ìyápíìsì bo orí rẹ̀, mo sì so ìyápíìsì kékeré kan mọ́ ẹ̀rọ fún èmi náà. Oòrùn wà láàárín orí.

Kò mira. Mo ń wo ojú rẹ̀, mo ń gbọ́ ìyàwó mi tó ń sọ ti iná tó ń lọ tó ń bọ̀, ti aládùúgbò tó wá kí ìyá ìkókó, ti àgbo tó korò. Ọmọ mi ṣàdédé yíjú sí mi.

"Dádì, ta ló ń sunkún?"

"Kò sẹ́ni tó ń sunkún. Ohùn ìyá rẹ nìkan ló wà níbẹ̀."

"Ẹnì kan ń sunkún. Ọmọ tuntun ni. Ó wà níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀."

Mo yí ẹ̀rọ sókè, mo tẹ etí mọ́ ọn. Kò sí nǹkan kan fún mi. Mo rántí ọwọ́ àwọn yòókù tó wà lókè nínú sítúdíò. Ohùn tó tínrín. "Ìwọ ni," mo ní. "Ìwọ fúnra rẹ lò ń gbọ́ yẹn."

Ó gbé ọwọ́ lé ìyápíìsì náà bí ẹni tó ń gbé orí ìkókó. Ìyàwó mi ń rẹ ọmọ lẹ́kún, ó ń pariwo sí mi pé òun ń bọ̀, kí n dúró. Lẹ́yìn náà ló pe ọmọ náà lórúkọ, lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀kejì, bí ìyá ti ń pe ọmọ tó fẹ́ kó wo ojú òun.

"Mà?" ni ọmọ mi dá a lóhùn.

Ó jẹ́ ẹ sókè, gedegbe, nínú pálọ̀ tó dákẹ́, bí ọmọ tí wọ́n pè láti ìdáná. Gbogbo ohun tí wọ́n kọ́ mi nípa ìpè tí èèyàn kò rí ẹni tó pè é dìde nínú mi. Ọwọ́ mi ti na dé ẹnu rẹ̀ tán. Mo fà á padà.

A gbọ́ ọ dé ibi tí téèpù ti já. Ó bọ́ ìyápíìsì.

"Ohùn tiyín ńkọ́, Dádì?"

"Mo yọ ọ́ kúrò."

"Ẹ dá a padà. Kò dáa bó ṣe ń dá nìkan sọ̀rọ̀ yẹn."

"Ó máa bò ó mọ́lẹ̀ ni."

"Ẹ wá ibi tí kò ti ní bò ó."

Mo fi ti ìyá rẹ̀ sí òsì. Mo gbé tèmi sí ọ̀tún, sí etí rẹ̀ tó ti kú, níbi tí kò ti ní dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ mọ́. Ó tún fi ìyápíìsì bo orí, ó dijú, ó sì ní ká bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.